Ta ni yóò máa bá yín gbálẹ̀ gíláàsì ẹja? Ẹ bá mi dé Òkìtìpupa ná

 

Gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí kì í ṣe nǹkan olówó nìkan mọ́. Ẹ ó rí i ní pálọ̀ àwọn èèyàn, ẹ ó rí i ní ilé ìfowópamọ́, ẹ ó sì rí i níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ó dùn-ún wò, ó sì máa ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ẹni tó ra gíláàsì yìí yóò fi rí i pé ìsàlẹ̀ omi ti ń dọ̀tí. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹja wà níbẹ̀, ewé tó ti jẹrà wà níbẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ náà yóò sì ti bo ara gíláàsì. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀dá wo ni mo lè jù sísàlẹ̀ omi yìí tí yóò máa bá mi gbá a?"

Ẹ lè rò pé ìbéèrè eré ni. Kì í ṣe eré rárá. Ẹ̀dá tí ẹ bá mú láìbéèrè lè pa gbogbo ẹja tó kù, ó sì lè kó àìsàn bá ọmọ tó ń fi ọwọ́ bọ inú omi náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a jọ rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lónìí, ká lọ wo bí odò ṣe ń gbálẹ̀ ara rẹ̀, kí a tó padà wálé wá wo gíláàsì tiwa.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Bìní, ẹ ó dé Orè. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti yà kúrò lójú títì ńlá, tí ẹ ó sì dorí kọ gúúsù. Bí ẹ ti ń lọ ni igi ọ̀pẹ yóò máa pọ̀ sí i lọ́tùn-ún lósì, nítorí ilẹ̀ epo ni ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, orúkọ ìlú náà sì ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀: òkìtì tó pupa ni Òkìtìpupa. Ẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń ta púpurú lẹ́bàá ọ̀nà, funfun roboto bíi bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú èéfín tó ti kun ún lára. Ẹni tó bá jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó dúdú, tí ẹja wà nínú rẹ̀, kò ní í tètè gbàgbé ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí. Odò Olúwa, tó gba Agbabu kọjá níbi tí ọ̀dà ilẹ̀ wà, ń ṣàn lọ síhà gúúsù. Àwọn odò kéékèèké sì pọ̀ káàkiri abúlé. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú láti Òkìtìpupa, ẹ ó dé Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ọjà ti wà létí omi, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹja àti edé wá. Àwọn ará Ìkálẹ̀ ń gbé oúnjẹ oko lọ, àwọn ará Ìlàjẹ ń gbé oúnjẹ omi bọ̀. Kódà, Yunifásítì Olusegun Agagu tó wà ní Òkìtìpupa, èyí tí wọ́n fi orúkọ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láàárín ọdún 2003 sí 2009 pè, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹja sísìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dúró níwájú àwọn tó ń ta ẹja, ká wo àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi.

Àrọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, ó ní irùngbọ̀n tó fi ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀, kò sì sí ohun tí kì í jẹ. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ju àrọ̀ kan sínú kànga kó máa bá wọn jẹ ìdin ẹ̀fọn. Nítorí náà, ẹlòmíràn á ní ọmọ àrọ̀ kékeré kan ti tó fún gíláàsì òun. Ẹ má dán an wò. Àrọ̀ tó kéré bí ìka lónìí yóò nípọn bí ọrùn ọwọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ohun tó bá sì ti lè wọ ẹnu rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni. Yóò gbá ilẹ̀ lóòótọ́, yóò sì gbá ẹja yín mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọbọ̀kún rí: ọjà ọbẹ̀ ni, kì í ṣe ọjà pálọ̀.

Ẹja kan tún wà tí òun náà ní irùngbọ̀n, tó ní ẹ̀gún líle mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí wọ́n bá mú un, á máa dún kẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Synodontis. Àwọn tó ń sin ẹja ní òkè òkun fẹ́ràn ìdílé ẹja yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ ní eyín bí ayùn, ó lè gún ọwọ́ wọlé, kì í sì í tètè jinná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni gíláàsì kékeré kò lè gbà bí wọ́n bá dàgbà. Ní ti òjíjí, òun náà ń gbé ìsàlẹ̀ omi, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé òjíjí ń gbé iná mọ́ra? Kò yẹ kó wà nílé tí ọmọdé wà.

Ìṣáwùrú ńkọ́? Ó wà lọ́jà rẹpẹtẹ, ó lówó díẹ̀, ó sì dà bí ìgbín tó lè máa jẹ ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹrẹ̀ ibi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi odò ni ilé rẹ̀. Omi kànga tàbí omi òjò tó wà nínú gíláàsì yín kì í ṣe ilé rẹ̀. Bó bá kú sínú ikarahun rẹ̀, ẹ kò ní í tètè mọ̀, yóò jẹrà síbẹ̀, yóò sì ba omi jẹ́ fún gbogbo ẹja. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Ó wá ku ìgbín odò, àwọn kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ ewé àti òkúta létí odò. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí òun ló mú mi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọdé ni a sábà máa ń rán lọ bu ìgbín yìí wá. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń jẹ nǹkan aláwọ̀ ewé ara gíláàsì, ó sì rọrùn-ún mú. Ṣùgbọ́n oríṣi kan nínú àwọn ìgbín yìí ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri. Bulinus ni wọ́n ń pè é. Kò ju èékánná lọ. Bí ẹ bá gbé orí ṣóńṣó rẹ̀ sókè, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín, ọwọ́ òsì ni ẹnu náà máa ń wà. Òmíràn tún wà tó rí pẹlẹbẹ bí okùn tí wọ́n ká jọ, Biomphalaria lorúkọ tirẹ̀. Òun ló ń gbé oríṣi aràn kejì, èyí tó ń ba ìfun àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mo ṣàlàyé ìrísí wọn kí ẹ lè mọ̀ wọ́n ni o, kì í ṣe kí ẹ wọ odò lọ yẹ̀ wọ́n wò.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹni tí aràn yìí wà lára rẹ̀ yóò tọ̀ sínú odò. Ẹyin aràn inú ìtọ̀ náà á pa, ohun tó jáde níbẹ̀ á sì wọ inú ìgbín. Yóò máa bí sí i níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ìgbín yóò máa tú ọmọ aràn jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún sínú omi, tí ojú lásán kò sì lè rí wọn. Bí ọmọ bá wọ odò, tàbí tí ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ níbẹ̀, awọ ara ni wọ́n ń gbà wọlé. Èèyàn kò tilẹ̀ nílò láti mu omi náà. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ló rí aràn yìí ní ìlú Kairo ní ọdún 1851, ṣùgbọ́n títí di òní, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yọ lẹ́nu jù lọ láyé. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, àwọn olùwádìí ti rí i lára àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ipogun, lọ́nà Àkúrẹ́.

Àwọn tó ń ṣe púpurú gan-an ní láti ṣọ́ra. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, a ní láti rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di púpurú. Àwọn mìíràn máa ń rẹ ẹ́ sétí odò, níbi tí omi ti rọra dúró, tí koríko sì pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbín fẹ́ràn. Bí ẹ bá lè rẹ ẹ́ sínú àgbá tàbí ìkòkò nílé, ó sàn ju kí ẹ dúró nínú omi tó dé orúnkún lọ.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níparí ìtọ̀ rẹ̀, tí ìtọ̀ sì ń ta á, ẹ má sọ pé ó ti ń di ọkùnrin ni, ẹ má sì sọ pé oòrùn ló pa á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ìtọ̀ tí wọ́n bá gbà láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ sí jù. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel lorúkọ rẹ̀, bí ara ọmọ bá ti wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ má lọ dá a rà ní kẹ́míìsì. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè ba àpò ìtọ̀ jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ níbẹ̀. Lára obìnrin, ó lè dá egbò sí ojú ara. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n sì ti fi ẹ̀sùn àgbèrè kàn lórí egbò tó jẹ́ pé odò ló ti kó o. Egbò yẹn náà lè jẹ́ kó rọrùn fún kòkòrò HIV láti wọlé.

Nítorí náà, ẹ má bu ìgbín odò sínú gíláàsì ẹja yín. Ẹ má sì rán ọmọ ẹnì kankan lọ bù ú. Àwọn ọmọ aràn tó wà nínú omi odò lásán kì í lò ju wákàtí 48 lọ kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n bí ìgbín tó ní in bá wà nínú gíláàsì, yóò máa tú òmíràn jáde lójoojúmọ́ ni, ọwọ́ tó bá sì wọ ibẹ̀ wà nínú ewu.

Ẹnì kan lè ní, ṣé kò wá sí ẹ̀dá tó ń bá odò jẹ ìgbín burúkú yìí ni? Ó wà, ó sì wà nínú agbọ̀n àwọn ẹlẹ́ja tí a dúró níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan. Edé odò ńlá ni, èyí tó ní ọwọ́ gígùn, Macrobrachium vollenhovenii. Ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n parí ìdídò Diama ní ọdún 1986. Edé yìí ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi iyọ̀ kó tó lè bímọ, ìdídò náà sì dí i lọ́nà. Edé dín kù, ìgbín pọ̀, àìsàn yìí sì gbalẹ̀ lágbègbè náà. Àwọn olùwádìí wá lọ da edé padà sínú odò ní abúlé Lampsar. Ohun tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 2015 ni pé ìgbín tó ní aràn dín kù, aràn sì dín kù lára àwọn ará abúlé tí wọ́n ti fún lóògùn. Ẹ ò rí i pé ẹ̀dá ìsàlẹ̀ omi kan lè gba ọmọ èèyàn lọ́wọ́ àìsàn! Edé tí à ń fi se ọbẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbálẹ̀ odò fún wa. Bí ẹnì kan bá da oògùn apakòkòrò sódò láti fi pa ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú edé yìí wà lára ohun tó ń pa.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé edé ńlá yìí wálé o. Bó ṣe ń jẹ ìgbín náà ni yóò ṣe fi ọwọ́ gígùn yẹn mú ẹja yín lóru.

Ó dáa, kí ni kí ẹ wá fi sí i? Ẹ jẹ́ ká sọ pé gíláàsì yín ń gba kéègì omi 25 lítà mẹ́ta. Mo lè dárúkọ mẹ́ta tó yẹ.

Àkọ́kọ́, ọmọ ilé wa ni. Ẹja kékeré kan wà nínú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà, mọ̀lẹ́bí epìyà ni, kì í sábà gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Láti ọdún 1901 ni àwọn onímọ̀ ti fún un lórúkọ, Pelvicachromis pulcher, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń fi owó gidi rà á. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, á máa bu iyanrìn sẹ́nu, á yọ oúnjẹ inú rẹ̀, á sì tu iyanrìn dànù. Akọ kan àti abo kan ti tó. Ẹ fi èèpo àgbọn tí ẹ lu lára síbẹ̀ kí wọ́n rí ilé. Kìkì pé bí wọ́n bá ti bímọ, wọn kì í gbà kí ẹja mìíràn sún mọ́ wọn.

Èkejì, edé kéékèèké, ìdílé Caridina. Àwọn wọ̀nyí kì í ju ìdajì ìka lọ, wọn kò ní ọwọ́ ìjà, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù àti nǹkan aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń ṣà jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ má fi wọ́n sọ́dọ̀ ẹja tí ẹnu rẹ̀ gbà wọ́n, títí kan ẹja àkọ́kọ́ tí mo dárúkọ yẹn.

Ẹ̀kẹta, Corydoras, ẹja onírùngbọ̀n kékeré láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí àwọn tó ń ta ẹja nílùú ńlá máa ń kó wá. Kò fẹ́ràn àdágbé, ẹ ra tó mẹ́fà pa pọ̀. Iyanrìn múlọ́múlọ́ ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀, nítorí òkúta mímú máa ń gé e nírùngbọ̀n.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ mú? Ọ̀kan ṣoṣo. Gíláàsì kékeré kò gba èrò púpọ̀.

Èyí tí àwọn ọlọ́jà máa ń fẹ́ tà fún yín ni ẹja dúdú tó máa ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní pleco. Ẹ má rà á fún gíláàsì kékeré. Ó lè gùn ju rúlà àwọn ọmọ ilé ìwé lọ, ìgbẹ́ tirẹ̀ nìkan sì ju ìdọ̀tí tí ẹ rà á fún lọ. Bó bá sì ti dàgbà jù, ẹ má jù ú sódò. Wọ́n jù ú sódò ní Mẹ́síkò àti ní Florida, ó di ẹrù sí wọn lọ́rùn, ó ń gbẹ́ ihò sétí odò kiri. Àwa náà ti rí irú rẹ̀ rí. Ewéko tó léfòó sórí omi, tó ń so òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ àwọn ará Ìlàjẹ, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní ọdún 1984 ni wọ́n rí i lójú omi Badagry, tó gba ìhà Orílẹ̀-èdè Benin wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹwà òdòdó rẹ̀ ni kó tó di wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n fi òótọ́ ọ̀rọ̀ kan kún un. Kò sí èyí tó ń jẹ ìgbẹ́ ẹja nínú gbogbo wọn. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń jẹ, àwọn náà á sì ṣu tiwọn. Nítorí náà, agbálẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ yín. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fa omi ìsàlẹ̀ jáde pẹ̀lú rọ́bà, bí ìdá mẹ́rin kan, ìyẹn kéègì kan ó dín díẹ̀ nínú kéègì mẹ́ta, kí ẹ sì fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa rọ́bà náà. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní kúlórìn ni, ẹ jẹ́ kó dúró nínú báàfù fún ọjọ́ kan kí ẹ tó dà á sí i. Ẹ má fọ gbogbo gíláàsì tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí àwọn kòkòrò àìrí tó dára, tó ń sọ májèlé inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò lágbára, ara iyanrìn àti òkúta ni wọ́n ń gbé. Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fún wọn. Ẹni tí egbò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà bọ inú omi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní gíláàsì nílé, tí ìgbín odò sì ti wà níbẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ kó wọn kúrò, ẹ da omi gbígbóná lé wọn lórí, kí ẹ sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ yín ló lọ bù wọ́n wá, ẹ bi í léèrè lónìí bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Ó dìgbà kan ná o. Ara á le, omi inú ilé kò sì ní í di omi àìsàn.